Kí ló dé tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń falẹ̀ lórí òkun?

Inú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ni mo wà tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Láptọ́ọ̀pù kàn ń yí ṣáá ni.

Ẹ wò ó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì etíkun kì í dé àárín òkun, sátẹ́láìtì ló kù. Àwọn kan ga tó 35,786 kìlómítà: ìbéèrè á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, èsì náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gba bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Ti Starlink wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà, ló fi yá. Síbẹ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ ló jọ ń pín in lò.

Mo yọ àwòrán kúrò, ó lọ! Ẹ yáa da ohun tẹ́ẹ nílò sórí láptọ́ọ̀pù kẹ́ẹ tó wọkọ̀.