Ọ̀já Ìkookò Fún Ẹ̀yìnkùlé Tí Oòrùn Kì Í Dé

Ọ̀pọ̀ ilé tó wà létí òkun, láti Badagry títí dé Calabar, ló ní irú ibì kan báyìí: abẹ́ igi máńgòrò, tàbí àlàfo tóóró tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, níbi tí oòrùn kì í dé. Koríko kì í fẹ́ hù níbẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀ ọ̀hún, omi kì í dúró nínú rẹ̀, gbòǹgbò igi ńlá á sì tún fa ìwọ̀nba tó bá kù. Tí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbá yanrìn lọ. Tó bá di oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, eruku ni. Ìdílé tó sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà kò ní máa da omi sídìí òdòdó.

Ewéko tó bá irú ibẹ̀ mu wà, ọmọ ilẹ̀ wa sì ni. Ọ̀já ìkookò ni Yorùbá ń pè é. Snake plant ni àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè é, wọ́n á sì tà á bíi pé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e dé. Bẹ́ẹ̀, oríṣi tí ewé rẹ̀ ní ìlà-ìlà, tó kún yàrá àwọn òyìnbó báyìí, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò ló ti ń dá hù. Láyé àtijọ́, àwọn èèyàn máa ń bọ́ fọ́nrán ewé rẹ̀ fi ṣe okùn àti ọsán ọrun.

Omi ló kó pamọ́ sínú ewé rẹ̀ tó nípọn. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ewéko máa ń ṣí àwọn ihò tíntìntín ara ewé wọn, ooru á sì máa fa omi wọn lọ. Ọ̀já ìkookò máa ń pa tiẹ̀ dé, ó di alẹ́ kó tó ṣí i.

Ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ló dáa láti gbìn ín. Ẹ hú ìdì kan, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí atalẹ̀, kí ewé àti irun gbòǹgbò wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Ewé lásán náà lè hù, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oríṣi tí etí rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, àwọ̀ ewé nìkan ni ọmọ rẹ̀ máa ní.

Omi ló sábà máa ń pa á, kì í ṣe òùngbẹ. Ìdí rẹ̀ á rọ̀, á sì máa rùn. Níbi tí omi bá ti ń dúró nínú oṣù Kẹfà, ẹ kọ ebè fún un. Lẹ́yìn tó bá ti fìdí múlẹ̀, òjò nìkan tó o, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò ní yára dàgbà lábẹ́ òjìji. Ẹ ní sùúrù.

Kí ọmọdé tàbí ajá má jẹ ẹ́ lẹ́nu, torí ó lè mú wọn bì. Ní ti pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni NASA ti dán ìyẹn wò ní 1989. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.