Ìtàn Ìdílé nínú Ẹjọ́ Ilẹ̀ Kentucky

Ní ọdún 1779, nígbà tí Kentucky ṣì jẹ́ apá kan Virginia ní Amẹ́ríkà, òfin fún ẹni tí ó ti tẹ̀dó síbẹ̀ ṣáájú ọdún 1778, tí ó sì gbin àgbàdo, láǹfààní láti gba 400 éékà ilẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ń wá ẹni tí yóò wọn tirẹ̀. Igi tí a fi àáké ṣá lára ni ààlà. Nítorí náà ni ilẹ̀ ẹnì kan ṣe ń gun orí ti ẹlòmíràn, tí ẹjọ́ sì pọ̀ lọ jàra. Daniel Boone pàápàá, ọdẹ olókìkí nì, pàdánù ilẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ìwé ìbí ti ìjọba níbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí bá ti búra, akọ̀wé a sábà kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àfojúdá ni nígbà mìíràn. Ẹlẹ́rìí a sọ ọdún tí ó dé, àwọn tí wọ́n jọ rìn, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ahéré sí etí odò. Bí àwọn ajogún bá ń jà, orúkọ ọmọ àti ti àna a jẹ yọ. (Ẹ̀rí àwọn Shawnee àti Cherokee, tí wọ́n ti ń dẹ igbó náà tipẹ́, ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.)

Kí olùwádìí má ṣe wá orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ nìkan. Ẹlẹ́rìí tí kò ní ilẹ̀ kankan lè jẹ́ baba ńlá rẹ̀.