Táyà Alùpùpù: Èwo ni Kí Á Rà?

Lẹ́bàá ọjà Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, kì í ṣe ohun tuntun kí alùpùpù gbé èrò, kí apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì sì tún wà lẹ́yìn èrò náà. Ojú méjì péré ni gbogbo ẹrù yìí fi ń kan ilẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí táyà kan bá bẹ́ lára mọ́tò, mẹ́ta ṣì kù tí yóò gbé e dúró. Bí ti iwájú alùpùpù bá bẹ́ lórí eré, agbára káká ni awakọ̀ fi lè kó o níjàánu.

Eyín táyà ni ọ̀pọ̀ olùrà ń kọ́kọ́ wò. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí eyín ni ó ń lé omi kúrò lábẹ́ táyà nígbà òjò. Ṣùgbọ́n rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa mú un gan, a sì máa là wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì ga. Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gan-an, nítorí ilé-iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt ti ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní 2007, Dunlop ní Ìkẹjà sì tẹ̀ lé e ní 2008. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà ti ń wá láti ìgbà náà, wọ́n a sì máa pẹ́ lójú omi àti nínú ilé ìkẹ́rù-sí. Òfin kò gbà kí á kó táyà tòkunbọ̀ wọlé, síbẹ̀ a kò ṣàì rí i lórí àtẹ.

Ọjọ́ orí táyà wà lára rẹ̀. Ní ìparí ìlà tí ó fi DOT bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta, táyà náà ti wà kí ọdún 2000 tó dé. Kí olùrà dá a padà fún ẹni tí ń tà á, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Ìwọ̀n ni ó kàn. Lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ni a ti ń rí 3.00-17 50P. 3.00 ni ìbú táyà, 17 ni ìwọ̀n rímù, ínǹṣì sì ni méjèèjì. P ni eré tí kò gbọdọ̀ jù, 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Ojú ọ̀nà Ṣáṣá kò jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ìṣòro ẹnikẹ́ni. 50 yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe kílò 50. Àmì ni, kílò 190 ni ó dúró fún. Bí alùpùpù bá wọn 110, tí awakọ̀ àti èrò wọn 70 ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí apẹ̀rẹ̀ sì wọn 50, ó di 300. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá tẹ ẹ̀yìn, 200 nìyẹn: ó ti ju agbára táyà lọ, kí á tó sọ ti èrò kejì. Ẹni tí ó wá torí owó tí kò tó nǹkan gbé 2.75-17 41P ti iwájú sí ẹ̀yìn, kílò 145 ni táyà tirẹ̀ lè gbé.

Kí á pààrọ̀ tíúbù pẹ̀lú táyà. Bí ọfà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń yí sí ni kí ó kọjú sí. Fọ́kanáísà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e yí. Kí awakọ̀ wò ó dáadáa kí wọ́n tó fẹ́ atẹ́gùn sí i.