Ọgbà Ẹ̀wọ̀n àti Àwọn Tí Ń Retí Ìdájọ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé orí yéye ní Mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Mògún ni ojúbọ Ògún, níbi tí a ti ń bẹ́ orí àwọn ọ̀daràn láyé àtijọ́. Ìtumọ̀ òwe náà ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìyà bá jẹ ni ó ṣẹ̀. Ayé bíbẹ́ orí ní Mògún ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú òwe náà kò tíì gbó, nítorí pé bí ènìyàn bá wo inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, yóò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni adájọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ ibùgbé àwọn tí a ti gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, tí a sì ti ka iye ọdún tí wọn yóò lò níbẹ̀ fún wọn. Irú wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ni ó kéré jù. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún báyìí tí ó fi jẹ́ pé nínú ẹni mẹ́ta tí ó wà lẹ́wọ̀n, nǹkan bí ẹni méjì ni ó ń retí ìdájọ́. Òfin ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí aláìjẹ̀bi títí di ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá sọ pé ó jẹ̀bi. Síbẹ̀ odi kan náà ni ó yí òun àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ká.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dé ibẹ̀? Ọwọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò gba iwájú adájọ́ kọjá, ọ̀dọ̀ wọ́dà ni yóò sì parí sí. Òfin tí a fi ń ṣàkóso ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọdún 1999 pàṣẹ pé bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn, kí wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé-ẹjọ́ bá wà ní ibi tí kò jìnnà ju kìlómítà 40 lọ. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá kà sí èyí tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ti ìpànìyàn tàbí ti ìdigunjalè, adájọ́ májísíréètì tí a gbé e wá síwájú rẹ̀ kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ní kí a fi ẹni náà pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ yóò fi yẹ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ wò.

Níbẹ̀ ni ìdúró ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn lè pẹ́ lọ́nà. Wọ́n lè gbé ọlọ́pàá tí ó ṣe ìwádìí lọ sí ìlú mìíràn. Ẹlẹ́rìí lè má yọjú. Agbẹjọ́rò lè tọrọ ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ lè gba béèlì, ṣùgbọ́n béèlì ń fẹ́ onídùúró tí ó ní ilé tàbí iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Tálákà tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò padà sí ẹ̀wọ̀n, bí adájọ́ tilẹ̀ ti fún un ní béèlì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì di oṣù kẹfà kí wọ́n tó padà. Ilé-ẹjọ́ wà ní títì, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò dẹ́kun mímú ènìyàn. Ọ̀nà àbáwọlé ṣí sílẹ̀, ọ̀nà àbájáde dí.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní ìlú Ọ̀yọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. Ní ọdún 2007 ni a dá a sílẹ̀, ẹni 160 ni a sì ṣètò rẹ̀ fún. Ní òru ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlù ú, wọ́n sì fọ́ ògiri rẹ̀. Ìgbà náà ni gbogbo ayé gbọ́ pé ẹni 907 ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni 64 péré ni a ti dá ẹjọ́ fún. Àwọn 843 yòókù ń retí ìdájọ́. Èyí já sí pé ibi tí a ṣètò fún ẹnì kan ni ẹni tí ó lé ní márùn-ún ń gbé, àti pé nínú ẹni 14, ẹni 13 ni kò tíì mọ ibi tí ẹjọ́ òun yóò yọrí sí. Ibùgbé àwọn tí ń retí ìdájọ́ ni a fọ́ ní òru ọjọ́ náà, ẹni tí ó lé ní 800 sì tú jáde. A kò fọ́ ibi tí àwọn tí a ti dá lẹ́bi àti àwọn obìnrin wà.

Orí wọ́dà ni ẹrù yìí ń sọ̀ sí. Kì í ṣe òun ni ó mú ni, kì í ṣe òun ni ó dá ẹjọ́. Síbẹ̀ òun ni yóò wá àyè ìsùn fún ẹni tí wọ́n bá gbé dé ní ìrọ̀lẹ́. Òun ni yóò kà wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, tí yóò pín oúnjẹ àti omi, tí yóò sì máa ṣọ́ kí ìjà má bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ìfọ́n bá mú ẹnì kan nínú yàrá tí ó há, kì í pẹ́ tí ó fi ń ràn, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà. Ní ọjọ́ ẹjọ́, wọ́dà ni yóò tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́; bí a bá sì sún ẹjọ́ síwájú, yóò tún kó wọn padà wálé láti máa retí ọjọ́ mìíràn. Iṣẹ́ káfíńtà, aṣọ rírán àti bàtà ṣíṣe, tí a fi ń tún ayé ẹlẹ́wọ̀n ṣe, ẹni tí a mọ ọjọ́ tí yóò jáde ni wọ́n bá mu. Ta ni yóò ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ó lè jáde lọ́la, tí ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ? Nítorí náà, iṣẹ́ ìtúnniṣe tí ó yẹ kí wọ́dà máa ṣe a di iṣẹ́ ìṣọ́ni lásán. Àárẹ̀ a mú un, ojú rẹ̀ a sì máa le sí àwọn tí ó ń ṣọ́.

Àwọn aṣòfin kò ṣàìmọ èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 kọ̀ fún ọlọ́pàá láti mú ẹbí ẹni tí ó sá lọ dípò rẹ̀. Ó fi ọjọ́ 14 ṣe gbèdéke àkọ́kọ́ fún ìfinipamọ́, ó sì fún adájọ́ láyè láti fi iṣẹ́ ìlú rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Òfin mìíràn ti ọdún 2019 fún àwọn ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ní àṣẹ láti kọ ẹni tuntun bí ọgbà wọn bá ti kún. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbà ẹ̀wọ̀n bá kọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ padà sílé. Àtìmọ́lé ọlọ́pàá ni yóò máa gbé. Bí a bá gbé ẹrù kúrò lórí ẹnì kan, tí a sì gbé e ka orí ẹlòmíràn, a kò tíì sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ní ọdún 2023 a tún òfin ilẹ̀ ṣe, kí àwọn ìpínlẹ̀ náà lè ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn. Ilé tuntun yóò fi àyè kún àyè, ṣùgbọ́n bí ìmúni bá ń yá, tí ìdájọ́ sì ń falẹ̀, ilé tuntun náà yóò kún.

Láti inú gbogbo èyí, ó hàn pé ìṣòro ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ tí a mú ènìyàn láìṣe ìwádìí tó ni ó ń bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí a sún ẹjọ́ síwájú láìnídìí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọ́dà, ṣùgbọ́n àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ń wádìí kí ó tó mú ni, tí adájọ́ sì ń gbọ́ ẹjọ́ lásìkò, ẹni tí ó jẹ̀bi yóò mọ iye ọdún rẹ̀, ẹni tí kò jẹ̀bi yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́dà yóò sì rí àyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ.