Ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kò pa ìwé tì

Àyà òbí lè já bí ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà nílùú ọba bá pè é pé òun ń lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kí òun tó parí yunifásítì. Ẹ fọkàn balẹ̀, lára ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọdún kejì, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sí iléeṣẹ́ ńlá bíi IBM fún ọdún kan gbáko, á máa gbowó oṣù, á sì padà wá lo ọdún àṣekágbá. Hursley, nítòsí ìlú Winchester, níbi tí IBM dé lọ́dún 1958, ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá kan nínú márùn-ún owó iléèwé lọ́wọ́ ọmọ onílùú lọ́dún náà. Ohun tó lè dun akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gboyè ṣáájú rẹ̀.

Irú rẹ̀ wà nílé. Lọ́dún 1973 ni àjọ ITF dá ètò SIWES sílẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni ti ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá pẹ́ kó tó gboyè, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ iṣẹ́, kò pàdánù. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.