Ẹ Má Ṣe Dé Ẹja Àrọ̀ Pa

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni ó ti ra ẹja àrọ̀ láàyè lọ́jà, tí ó bu omi kún inú korobá dé ẹnu, tí ó kó ẹja sí i, tí ó sì fi ọmọrí dé e pinpin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ẹja ni ó bá. Kí ni ó pa ẹja nínú omi?

Yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, àrọ̀ ní ẹ̀yà mìíràn nínú orí tí ó pẹ̀ka bí igi kékeré. Òun ni ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyí tí ó fi ń yọ ẹnu sókè omi lóòrèkóòrè. Bí odò bá ń gbẹ, tí ilẹ̀ sì tutù, a máa fi lẹbẹ àyà rẹ̀ wọ́ lọ wá omi mìíràn ní òru.

Afẹ́fẹ́ inú omi tí ó dúró sójú kan kì í pẹ́ tán. Bí ọmọrí kò bá sì fún àrọ̀ ní àyè láti yọ ẹnu, ikú dé nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bu omi ju ìdajì korobá lọ. Ẹ fi asẹ́ tàbí àwọ̀n bò ó, kí ẹ sì gbé òkúta lé e, nítorí àrọ̀ a máa fò jáde. Bí omi bá dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì bá ní òkú láàárọ̀, tí ẹ kò mọ ìgbà tí ó kú, ẹ má ṣe sè é fún ọmọ jẹ.