Yíyan Aago Olówó-Pọ́ọ́kú fún Ìje Pátákó Onítáyà: Ọ̀ràn Ìwọ̀n Àkókò àti Èdè-Ìperí

1. Ìfáárà

Ní èdè Yorùbá, wákàtí kan pín sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú kan sì pín sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Láti ara ojú tí ń ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ènìyàn, ti èkejì jẹ́ ti àáyá, ẹranko tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Nínú ìṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ojú ni òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n eré-ìje wà tí ojú kò lè dájọ́ rẹ̀, nítorí pé kí ó tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó borí àti ẹni tí ó pàdánù ti kọjá lọ. Ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni ìje kọ́lọkọ̀lọ lórí pátákó onítáyà. Bí ẹgbẹ́ kékeré bá fẹ́ ṣètò rẹ̀, owó rẹ̀ kì í sábà tó ra ẹ̀rọ ti àwọn ìdíje ńlá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè yan aago tí kò wọ́n, tí kò sì ní yí ẹjọ́ po, àti àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí wọ́n fi sọ ọ́.

2. Ìje náà àti òfin rẹ̀

Pátákó onítáyà ni pákó pẹlẹbẹ tí ó ní táyà kékeré mẹ́rin nísàlẹ̀, tí ènìyàn dúró lé lórí. Ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni eré náà ti gbilẹ̀ lẹ́yìn tí Frank Nasworthy gbé táyà tí wọ́n fi urethane ṣe jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Táyà yìí di ojú títì mú ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Ìdíje ńlá kan wáyé ní Del Mar ní 1975, ìje kọ́lọkọ̀lọ sì wà lára rẹ̀.

Wọn a to òkòtó sí ojú títì tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́, olùdíje a sì máa yí gba ọ̀tún àti òsì wọn kọjá. Ìkarahun tí ọmọdé ń ta ni òkòtó. Tọmọdé a máa fi ṣóńṣó dúró, ti ojú títì a máa fi ìdí jókòó, ṣùgbọ́n ìrísí kan náà ni wọ́n ní, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu. Bákan náà ni kọ́lọkọ̀lọ ṣe bá ọ̀nà tí ń wọ́ kiri mu, bí òǹkọ̀wé bá ti lè fi àmì ohùn sí i dáadáa. Láìsí àmì, òǹkàwé lè rò pé ìje kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹranko inú igbó, ni wọ́n ń wí.

Òkòtó tí olùdíje bá gbá ṣubú ní ìtánràn. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni ìdá-mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí ni 0.1, fún òkòtó kọ̀ọ̀kan. Orí àkókò ìtánràn yìí ni ó yẹ kí gbogbo ìjíròrò nípa aago ti bẹ̀rẹ̀.

3. Ọwọ́ ènìyàn

Aago tí ó rọrùn jù lọ láti rà ni aago àfọwọ́tẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò sí lára aago. Ara ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ ni ó wà. Láti ìgbà tí ojú bá rí nǹkan títí di ìgbà tí ìka yóò tẹ aago, nǹkan bí ìdá-mẹ́wàá méjì ìṣẹ́jú-àáyá a máa kọjá. Àlàfo yìí ni ó yẹ láti pè ní ìjígìrì. Nítorí rẹ̀ ni àjọ tí ń ṣàkóso eré orí pápá lágbàáyé fi pàṣẹ pé láti 1977, aago ẹ̀rọ nìkan ni yóò fi ìdí àkọsílẹ̀ tuntun múlẹ̀ fún eré sísá tí kò ju 400 mítà lọ.

Bí ọwọ́ bá lè ṣìnà ní 0.2, tí òkòtó kan sì jẹ́ 0.1, a jẹ́ pé adájọ́ lè gba ìtánràn òkòtó méjì lọ́wọ́ ẹni tí kò gbá ẹyọ kan. Kì í ṣe ẹ̀bi adájọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀tọ́ olùdíje.

4. Ìfínnífínní àti ìpéye

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwọn olùrà a máa pa pọ̀ sí ìkòkò kan. Ìfínnífínní ni bí ìpín tí aago ń fi hàn ti kéré tó. Ìpéye ni bí ohun tí ó fi hàn ti sún mọ́ òótọ́ tó. Aago lè kọ ìdá-ẹgbẹ̀rún sójú, kí ó má sì péye dé ìdá-mẹ́wàá.

Ìdíje Òlíńpíìkì ti Munich ní 1972 fi èyí hàn. Gunnar Larsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, àti Tim McKee, ọmọ Amẹ́ríkà, parí ìlúwẹ̀ẹ́ 400 mítà tí ó ní oríṣi ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin nínú ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 31.98. Ìdá-ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n fi fún Larsson ní wúrà. Bí ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ ti ń yára tó, ìyẹn kò tó mílímítà mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé ojú-ọ̀nà méjì nínú adágún kan gùn bákan náà dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ sì padà sí ìdá-ọgọ́rùn-ún.

Olùdíje orí pátákó tí ń sáré 10 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan a máa rin sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìdá-ọgọ́rùn-ún, àti sẹ̀ǹtímítà kan ní ìdá-ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rọ tí ó péye dé ìdá-ọgọ́rùn-ún ti tó fún ẹgbẹ́ kékeré.

5. Ohun tí ń mọ̀ pé olùdíje ti kọjá

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni síwíìṣì àtẹ̀kọjá: irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi rọ́bà bò, tí kò kan ara wọn àfi bí táyà bá tẹ̀ wọ́n. Kò sí ohun tí apá tàbí aṣọ olùdíje lè fi tàn án jẹ. Àléébù rẹ̀ ni ìgbọ̀n: irin méjèèjì a máa kan ara wọn, wọn a tún ya, lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín ìwọ̀nba ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, táyà ẹ̀yìn a sì tún tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba ìkànra àkọ́kọ́, kí ó sì di etí sí ìyókù fún ìgbà díẹ̀.

Èkejì ni okùn-ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ń ti ẹ̀gbẹ́ kan títì lọ bá ojú-ẹ̀rọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí nǹkan bá dí i, aago a dúró. Oòrùn lè bo ojú-ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń mú kí ìmọ́lẹ̀ náà máa ṣẹ́jú ní ìgbà 38,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ti sábà ń ṣe; ojú-ẹ̀rọ rìmóòtù kò sì wọ́n lọ́jà. Èyí tí ó le jù ni gíga okùn náà. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n àyà, ẹni tí ó na apá síwájú ní ìdajì mítà yóò jèrè 0.05 láìjẹ́ pé ó yára ju ẹnì kejì lọ. Ìwọ̀n pátákó ni ó yẹ kí ó wà.

6. Aago àti wáyà

Ọpọlọ-ẹ̀rọ kékeré bíi Arduino, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 2005, lè ṣe iṣẹ́ aago. Ṣùgbọ́n ó yẹ láti wo ohun tí ń lù fún un. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe lè ṣìnà ní 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún: nínú ìje ìṣẹ́jú-àáyá 30, ìyẹn jẹ́ 0.15, ó ju ìtánràn òkòtó kan lọ. Kírísítàlì quartz tí ń ṣìnà ní apá 50 nínú mílíọ̀nù kan kò ní ṣì ju 0.0015 lọ. Ìyàtọ̀ owó láàárín méjèèjì kéré, ìyàtọ̀ ìpéye pọ̀.

Wáyà gígùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ a máa náni lówó, ẹsẹ̀ a sì máa kọ́ ọ. Rédíò a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jíṣẹ́. Bí ìpẹ́ náà kò bá dọ́gba nígbà gbogbo, àṣìṣe nìyẹn. Nínú ìje ojúkojú, ọ̀nà àbáyọ wà. Olùdíje méjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìró kan, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ojú-ọ̀nà ní ìsáré kejì. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ń wá, kì í ṣe iye àkókò kálukú. Nítorí náà, aago kan ṣoṣo ní ìlà òpin, pẹ̀lú síwíìṣì àtẹ̀kọjá méjì, ti lè dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ó kù ni ẹni tí ó gbéra ṣáájú ìró: síwíìṣì ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀ tí ń tan iná pupa yóò tú u fó, kò sì nílò wáyà dé ìsàlẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síwíìṣì àtẹ̀kọjá àti ọpọlọ-ẹ̀rọ oní-quartz, fún ìje ojúkojú. Fóònù tí ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè ṣe ẹlẹ́rìí ní ìlà òpin, nítorí pé àlàfo láàárín àwòrán méjì kò ju nǹkan bí 0.004 lọ. Owó tí ó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi ra òkòtó, kí wọ́n sì fi bọ́ àwọn tí yóò máa ṣọ́ òkòtó, nítorí kò sí aago tí ń ka òkòtó tí ó ṣubú.

Ní ti èdè, ìjígìrì, ìfínnífínní, ìpéye àti ìgbọ̀n kò mọ sórí eré yìí. Olùkọ́ físíìsì tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ìgbà tí okùn onígbẹ̀ẹ́rẹ́ fi ń jù fìrìfìrì yóò nílò wọn ní ọjọ́ kan náà. Ẹnu wọn ni yóò sọ bóyá àwọn ọ̀rọ̀ náà yóò dúró.